Bí Mo Ṣe Wá Adúmáadán Dé Ìdó

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà odò, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kódà nínú kíláàsì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yín, pé kí n sọ bí Èkó ṣe rí. Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹnì kan tán, ẹlòmíràn á dé, á ní òun ò bá a níbẹ̀rẹ̀, kí n tún un sọ. Ẹnu ti ń ro mí. Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé kà, kó kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kí ẹ sì jẹ́ kí n ráyè dáná.

N kò ní í sọ iye tí awakọ̀ gbà tàbí iye wákàtí tí a fi jókòó. Ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí Ọlọ́run ṣe.

Ohun tó lé mi jáde

Gbogbo yín mọ Màmá, ìyá ọkọ mi. Òun ni obìnrin tó máa ń kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tó máa ń jókòó síwájú pátápátá bí ẹni tí wọ́n dìídì pè. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run dá sí fún un. Àbíkẹ́yìn wọn ni mo lọ wá.

N kò ní í kọ orúkọ rẹ̀ síhìn-ín. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èmi ni n kò lè pè é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo wọ ilé ọkọ, ó sì di ọkọ mi lọ́jọ́ náà, nítorí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo wo ara rẹ̀ tó dúdú tó ń dán, mo ní Adúmáadán lèmi á máa pè é. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ kan ní kíláàsì mi tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ọkọ mi yìí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni mo fi ń pè é láàárọ̀, ọmọ náà sì ti gbà pé bí tíṣà òun ṣe ya wèrè mọ nìyẹn.

Nígbà tí Adúmáadán jáde ìwé, ó lọ sí Èkó, ó ríṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá. Oṣooṣù ni lẹ́tà rẹ̀ ń dé. Ìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù wọlé, tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró kiri bí ẹni ń gbọn ewé, lẹ́tà dáwọ́ dúró. Ọdún mẹ́rin kọjá. Àwọn ará wa tó ń lọ sí Èkó ń dé ilé tó ń gbé, wọ́n ń sọ fún wọn pé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà ọlidé gígùn tó kọjá yìí, Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wa, pe gbogbo ilé jọ. Ó ní ọmọ tó bá wà láàyè á ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó ní kí a gba f'Ọlọ́run, kí a ṣe ìsìn ìrántí fún un ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta sí i, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán nínú ẹbí. N kò bá a jà. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, omi wà lójú rẹ̀.

Màmá ò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ò gbúròó rẹ̀. Ọlọ́run ń gbúròó rẹ̀." Ó dìde, ó wọ yàrá. Láti ọjọ́ náà kò fi oúnjẹ kan ẹnu mọ́ àfi omi ògì. Ó ní òun ò lè jẹun òkú ọmọ tí kò kú. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, dókítà wò ó, kò rí àìsàn kankan. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ìró tó ń ró ti ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i kedere pé tí a bá ṣe ìsìn ìrántí náà, kò ní í pẹ́ tí a ó fi ṣe ìkejì, ìkejì yẹn ò sì ní í jẹ́ àfẹnusọ.

Ọkọ mi, Bàbá Bùnmi, ì bá lọ, ṣùgbọ́n orí igi kòkó ni ó ti já, tí wọ́n ń to ẹsẹ̀ rẹ̀. Ni mo bá ní èmi ń lọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò kọjá Iléṣà rí. Bàbá Àgbà ní, "Ìwọ tí o kì í pe orúkọ rẹ̀, kí lo máa fi béèrè rẹ̀?"

Mo ní, "Ọlọ́run tí mò ń bá lọ mọ orúkọ rẹ̀."

Ẹnu lásán ni. Bàbá Bùnmi ló kọ orúkọ náà sórí ìwé pélébé kan fún mi, pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì, ó ní kí n máa nà án sí ẹni tó bá bi mí. Màmá fọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ó ní, "Kò sí ohun tí mo ní kí o mú bọ̀ fún mi. Òun ni kí o mú bọ̀."

Ojú ọ̀nà

Ẹni tí kò wọ ọkọ̀ Èkó rí lè rò pé ìjókòó lásán ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ni. A ò tíì kúrò ní gáréèjì tí arákùnrin kan fi dìde tó ní kí a dijú. Ó gbàdúrà fún táyà, ó gbàdúrà fún bíréèkì, ó gbàdúrà fún ojú awakọ̀, ọ̀tún àti òsì. Bàbá kan tó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ ló ń ṣe àmín jù nínú gbogbo wa. Èmi náà ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n mò ń gba tèmi lábẹ́lẹ̀: "Olúwa, mo ti fọ́nnu níwájú ẹbí. Bí ó bá ṣe pé ìgbéraga ni, dárí jì mí, ṣùgbọ́n má fi ti Màmá jẹ mí níyà."

Obìnrin tó jókòó tì mí bó ọsàn, ó là á sí méjì, ó na ìdajì sí mi láìwo ojú mi. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo ń bá lọ, ó ní, "Ẹ ní àdírẹ́ẹ̀sì?"

"Mo ní."

"Ẹ dúpẹ́ nìyẹn."

"Gbogbo ẹni tó ti débẹ̀ ló ní kò sí níbẹ̀."

Ó wò mí. Ó ṣe hàà. Ó mú ìdajì ọsàn tirẹ̀, ó fi kún tèmi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ní Èkó ni pé kò sí ẹni tó ń rìn. Sísá ni wọ́n ń sá, àti ẹni tó ti pẹ́ àti ẹni tí kò pẹ́. Mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, bí a ti ń ṣe nílé: ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Nígbà tí màá fi kí ẹni bí ọgbọ̀n, ohùn mi ti há. Ọkùnrin kan tó ti kọjá padà sẹ́yìn wá bá mi, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ mí níbì kan ni?" Mo ní rárá. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo àpò mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sí Èkó, mà." Òun nìkan ló dáhùn nínú gbogbo wọn.

Nílé Àlàájà, ní Àgùdà

Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé wa ni mo dé sílé rẹ̀ ní Àgùdà. Àlàájà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ni ó ń tà ní ọjà Tẹ́júoṣó. Kò mọ̀ mí rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà àbúrò rẹ̀ lórí ìdúró, kò sì tíì kà á dé ìdajì tó fi pariwo sínú ilé pé, "Ẹ gbé omi ìwẹ̀ fún àlejò o! Ẹ gbé e gbóná!" Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ dín díẹ̀, kò bi mí rí pé ìgbà wo ni mò ń lọ.

Nítorí pé Ìjẹ̀ṣà ni mí, ó ní iyán ni màá jẹ. Inú mi dùn. Mo retí ìró odó, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó yá, ọmọ rẹ̀ gbé nǹkan funfun kan dé. Ìyẹ̀fun ni wọ́n dà sínú omi gbígbóná tí wọ́n rò ó pọ̀. Gbogbo ilé ń wo ẹnu mi. Mo gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì, mo bẹ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀ kó dárí jì mí, mo sì ní ó dùn gan-an ni.

Ẹ̀wà agányìn ni mo lè jẹ́rìí sí láìpurọ́. Láàárọ̀ ni obìnrin Ẹ̀gùn kan máa ń gbé e kọjá lábẹ́ fèrèsé, ẹ̀wà tó ti rọ̀ di ẹ̀kọ, pẹ̀lú ata dúdú tí wọ́n dín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Wọ́n á fi búrẹ́dì sí i. Lọ́jọ́ kejì mo ti mọ ohùn obìnrin náà láàárín ohùn ogún. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń lọ sí Èkó, kó bá mi jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n fi ń ṣeré jù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ Àlàájà á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n, síbẹ̀ àjèjì ni mí láàárín wọn, bí ẹni tó sọdá òkun wá. Ó dùn mí díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kẹta èmi náà ti ń ní kí wọ́n tún tiwọn sọ, tori wọ́n ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òjò fẹ́ ká mọ́ ìta.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ kejì tí n kò lè gbàgbé. Mo ṣì dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo ń gbọ́ Àlàájà tó ń kírun. Nígbà tó parí, tó gbé ọwọ́ sókè, mo gbọ́ tó ń dárúkọ mi fún Ọlọ́run. Ó ní, "Yà Allah, Ìyá Bùnmi yìí, jẹ́ kó rí ẹni tó ń wá. Má jẹ́ kó padà bó ṣe wá." Èmi tí mo ní ọ̀rọ̀ lọ́rùn, mo nà sílẹ̀. Ojú tì mí, mo yọ́ dìde, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ sọ fún Ọlọ́run pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ìwé pélébé

Ní Yábàá, mọ́gáàdì ọ́fíìsì tí Adúmáadán ti ṣiṣẹ́ bi mí ẹni tí mo ń wá. Kí n tó ronú, mo ní, "Adúmáadán." Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di géètì mú. Ó ní, "Màmá, orúkọ tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ńkọ́?" Mo na ìwé sí i. Bó ti kà á, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní wọ́n ti dá a dúró láti ọdún mẹ́rin, òun àti ogún èèyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì bọ gbogbo àwọn tó kù lọ́wọ́ kó tó lọ. Ó ní, "Ọmọlúwàbí ni. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ní mo kí i."

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Mùṣín, sí ilé tó wà nínú àdírẹ́ẹ̀sì. Ìyá kan jáde. Mo na ìwé sí i. Kò tíì mú un dáadáa lọ́wọ́ tó fi ní, "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ tún un wò."

"Mo ní kò sí. Ẹ má bínú." Ó sì tilẹ̀kùn.

Mo dé orí gọ́tà, mo jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bó bá jẹ́ pé ó ti kú ni, kó kúkú sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí màá lọ wí fún Màmá. Mo ní kó má fi mí ṣe aláìgbọ́n. Ohun tí mo sọ burú ju èyí tí mo lè kọ síhìn-ín lọ. Obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì lódìkejì ń wò mí. Ó mú bọ̀ọ̀lì kan, ó fi ìwé ìròyìn dì í, ó sọdá, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ ẹ́. Ẹkún ò ṣeé sun pẹ̀lú ebi." N kò rí i rí, n kò sì tún rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo jẹ ẹ́. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, orí mi wálé díẹ̀. Mo bi ara mi pé báwo ni ìyá yẹn ṣe mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí kò tíì ka ìwé.

Ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wa

Ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn ọmọ ìlú wa máa ń ṣèpàdé, nínú kíláàsì ilé-ìwé kan ní Mùṣín. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ èdè wa. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n fún mi ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n béèrè gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ẹran ọ̀sìn yín pàápàá. Lẹ́yìn náà akọ̀wé ìpàdé ka ìwé mi sókè. Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ní ó ti lọ sí Ìbàdàn. Ẹnì kan ní Kòtònù ni. Alága lu tábìlì.

Ọkùnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ló wá dìde. Ó ní, "Mo rí ẹnì kan tó jọ ọ́ ní Ìdó, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ ojú irin. Mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò tilẹ̀ yíjú. Kì í ṣe òun."

Gbogbo ìpàdé gbà pé kì í ṣe òun. Èmi ni n kò gbà. Ẹ gbọ́, tíṣà ni mí. Bí mo bá pe orúkọ kan nínú kíláàsì, ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ á ṣì gbójú sókè wò mí. Ẹni tí wọ́n pe orúkọ kan lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn rẹ̀, tí kò yíjú wo ẹni tó ń pariwo, tirẹ̀ ni orúkọ náà, ó kàn ń sá fún un ni.

Ìdó

Òjò ò jẹ́ kí n jáde ní ọjọ́ Ajé. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń lọ sí Ìdó láràárọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin parí sí. Òórùn àlùbọ́sà àti òórùn omi ọ̀sà ló ń pàdé ẹni. Máàlámù kan tó ń po tíì gbígbóná fún mi ní igun bẹ́ǹṣì rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ò pọ̀. Ó ní, "Ìyá, jókòó. Ọlọ́run wà." Bí mo bá ti dé láàárọ̀, á nu bẹ́ǹṣì náà fún mi.

Mo na ìwé mi sí àwọn aláàárù, ẹni tó mọ̀wé kà nínú wọn kà á. Wọ́n ní kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn. Mo lo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lo ọjọ́ Rú. Lọ́jọ́bọ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́ta sí ìsìn ìrántí, mo sọ fún Ọlọ́run pé: "N kò ní ohun tí mo tún lè ṣe. Mo ti dé ibi tí ọgbọ́n mi mọ. Ó kù sọ́wọ́ rẹ." Kì í ṣe pé mo ní ìgbàgbọ́ ńlá o. Ó ti rẹ̀ mí ni.

Ọkọ̀ láti òkè Ọya wọlé, èrò ya lulẹ̀. Àwọn aláàárù sáré wọ àárín wọn. Mo wá rí ẹ̀yìn ọrùn kan lábẹ́ àpò àlùbọ́sà, ó dúdú, ó ń dán fún òógùn. Mo dìde. Ó ń lọ síbi tí ọkọ̀ ẹrù pọ̀ sí, bó bá wọ àárín wọn, ó parí nìyẹn. Mo ya ẹnu kí n pe orúkọ náà, orúkọ tí mo ti gbé ká Èkó nínú ìwé. Mo fẹ́ pè é. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n kò jáde. Ohun tó jáde, tó sì jáde bí igbe, ni:

"Adúmáadán!"

Ọkùnrin náà dúró. Àpò yọ̀ lórí rẹ̀, ó já bọ́, àlùbọ́sà ń yí ká gbogbo ilẹ̀. Ó yíjú díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó mi."

Mo kúnlẹ̀. N kò rò ó rárá, bí mo ti máa ń kí i nílé ni mo kí i. Àwọn aláàárù ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n ń wò. Ọ̀kan ní, "Ṣàgámù, ìwọ ni ìyá yìí ń kúnlẹ̀ fún?" Irọ́ tó pa fún wọn nìyẹn, pé ọmọ Ṣàgámù ni òun.

Mo dá a lóhùn láti orí ìkúnlẹ̀: "Ọkọ mi ni. Mo bá a nílé."

"Ẹ dìde," Adúmáadán ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ilẹ̀ dọ̀tí." Òun náà ti ń sunkún.

Nígbà tí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì máàlámù, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ẹ lọ sọ fún Màmá pé ẹ ò rí mi."

"Irọ́ ni ẹ ní kí n lọ pa fún Màmá?"

"Ẹ wò mí. Akọ̀wé ni mo fi kúrò nílé. Ṣé bí mo ṣe wà yìí ni kí n wọ̀lú? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀ ní ti ikú," mo ní. "Ẹ ti kú. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ni ìsìn ìrántí yín. Bàbá Àgbà ti ra ìrẹsì."

"Ìsìn ìrántí ta?"

"Ẹ̀yin. Wọ́n ti fi fótò yín ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ̀wé. Èyí tí ẹ wọ kóòtù."

"Kóòtù tó tóbi jù mí lọ yẹn?"

"Òun gan-an."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú, èmi náà ń rín in, máàlámù tí kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ń bá wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rọlẹ̀, mo sọ ti Màmá fún un. Mo sọ ti omi ògì, mo sọ ti ìró tó ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Gbogbo wa la gbà pé ẹ ti kú, àti èmi, àti ẹ̀gbọ́n yín. Òun nìkan ni kò gbà. Kò ní kí n mú akọ̀wé bọ̀, kò ní kí n mú olówó bọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni ó ní kí n mú bọ̀."

Ó wá ní, "Àdúrà méjì ni mò ń gbà láràárọ̀ kí n tó gbẹ́rù. Mo máa ń ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ará ilé rí mi. Tí mo bá ti sọ ìyẹn tán, màá ní kó jẹ́ kí n délé."

Mo ní, "Òun náà á ti máa wò yín pé èwo ni kí òun mú."

Ó sọ fún mi pé òun ló bẹ ìyá Mùṣín yẹn kó máa lé ará ilé padà. Ó ti kọ́ etí ara rẹ̀ kó má gbọ́ orúkọ tí ẹ sọ ọ́. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ ọ, etí náà sì gbọ́ràn. Ó ní, "Ṣùgbọ́n n kò rántí kọ́ ọ ní Adúmáadán. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé, n kò rò pé ẹ lè dé Èkó."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Àléébù ni gbogbo yín ka àìlèpe orúkọ rẹ̀ sí nígbà tí mo ń lọ, àní èmi náà kà á sí i. Mo rò pé ẹni tó bá máa bá Ọlọ́run rìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bó ṣe máa ṣe é. Ibi tí mo ti mọ ọ̀nà, ìwé mi ti gbogbo ilẹ̀kùn ni. Ibi tí n kò ti lè ṣe ju bí wọ́n ṣe tọ́ mi lọ ni Ọlọ́run ti ṣí i. Ẹ̀yin tí nǹkan le fún lọ́wọ́ báyìí, tí ẹ ń gbàdúrà tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró. Kì í ṣe pé ẹ mọ̀ ọ́n gbà ni. Ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ mọ ọ̀nà ju yín lọ.

Adúmáadán lọ gbé àpótí rẹ̀, ó tẹ̀lé mi. Nígbà tí a dé Àgùdà, Àlàájà rí wa láti òkè. Kò bi mí pé ta nìyí. Ó ń sáré bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń ké "Alhamdulilahi! Alhamdulilahi!", gèlè rẹ̀ ti jábọ́. Ní ọjọ́ Etì, gbogbo ilé ló jókòó ti Adúmáadán, wọ́n ń wò ó bó ti ń jẹun. Ó wá ku kí n mú un délé kí wọ́n tó sin ín.

Ilé

Púpọ̀ nínú yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, ṣùgbọ́n ariwo ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé jókòó sójúde, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ìkòkò àkọ́kọ́ ti wà lórí iná fún àwọn tó wá ṣiṣẹ́. Bàbá Àgbà wà lórí àga, ó ń sọ ibi tí wọ́n máa to bẹ́ǹṣì sí. Adúmáadán gbé àpótí rẹ̀ lé orí, ó gbé àpò mi lé orí àpótí, bó ti mọ́ ọn lára ní Ìdó. Ìyá Táyé ló kọ́kọ́ rí wa. Ó ju atẹ ìrẹsì nù, ó wọ inú ilé lọ, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Àwọn tó kù figbe ta.

Igbe náà ló mú Màmá jáde. Ó ń fọwọ́ ran ògiri bọ̀. A rò pé yóò ṣubú. Ó rìn títí tó fi dé iwájú ọmọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e láyà, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ, Ọlọ́run ni ó ń bá sọ ọ́.

Ó wá yíjú sí Bàbá Àgbà. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní ó kú, ẹ dìde, ẹ gbẹ́rù lórí òkú."

Bàbá Àgbà dìde. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ó fi gbé àpótí náà kalẹ̀, ẹ̀rín àti ẹkún sì pọ̀ mọ́ ara wọn lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run, o jàre mi." Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé dàrú, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tí òun ń dì mọ́ mọ́. Pásítọ̀ ní ìsìn ọ̀la ò yí padà, ìdúpẹ́ ni yóò jẹ́.

Màmá fà mí lápá láàárín ariwo náà. Ó ní kí n lọ bu ìrẹsì wá fún òun. Mo bù ú sínú àwo kékeré, mo jókòó tì í nílẹ̀. Ṣíbí mọ́kànlá ni ó jẹ. Mo kà á.